Má Ta Á

Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Dúró-ná tún ní kí n dúró ná.

Dúrótìmí lorúkọ tí wọ́n sọ àbúrò mi. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Dúró-ná, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré. Ẹ dúró ná, kí n wo ẹsẹ̀ tábìlì yìí. Ẹ dúró ná, fáànù yẹn ń dún lódì. Ó ti wá di ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ Pólì níṣẹ́ ẹ̀rọ, ó ṣì ń wí i.

Tòní: òrùka ara sírínjì náà ò tíì dá a lójú. Ó fẹ́ kí òrùka àti ọrùn sírínjì jẹ́ ike kan ṣoṣo, kí wọ́n jọ jáde nínú mọ́ọ̀dù kan náà. Mọ́ọ̀dù ọ̀hún ń bọ̀ láti Àbá. Ìgbà wo? "Ó lè tó Oṣù Kọkànlá, Àǹtí mi."

Oṣù Kọkànlá! Ìparí oṣù yìí ni abẹ́rẹ́ ojú Mọ́mì. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ojú ti buwọ́ lù ú. Àjọ tó ń fi owó ràn wá lọ́wọ́ ń béèrè ọjọ́ tí ọjà máa jáde. Gbogbo èèyàn ti ṣe tán, àfi òrùka.

Kí n kọ ọ́ síbí, kí inú tó ń bí mi má gbàgbé ìdí tá a fi bẹ̀rẹ̀. Ojú òsì Mọ́mì ni. Àtọ̀gbẹ ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, abẹ́rẹ́ ló pa á. Níbi kan tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹni tó gún wọn ti abẹ́rẹ́ wọlé jù. Ọwọ́ lásán ló fi ń díwọ̀n, ọwọ́ sì ṣì í. Ojú lọ. Dúró-ná tilẹ̀kùn mọ́rí, sírínjì ló ń yà sínú ìwé: òrùka kékeré kan tó yí abẹ́rẹ́ ká, tó máa kan funfun ojú, tí abẹ́rẹ́ ò fi ní lè wọlé kọjá ibi tó yẹ. Ó tán. Mo wò ó, mo ní màá ta eléyìí dé Sókótó.

Ojú ọ̀tún ló kù. Mọ́mì sì ti búra pé sírínjì àtijọ́ ò tún ní sún mọ́ ọn. Tí tiwa ò bá wá, kò sí abẹ́rẹ́. Tí kò bá sí abẹ́rẹ́, omi á máa sun sẹ́yìn ojú náà díẹ̀díẹ̀ títí á fi kú. Ta ló fẹ́ dúró de Àbá?

Ìṣẹ́gun, 9

Dúró-ná ò gbé fóònù.

Ọjọ́bọ̀, 11

Kúlà kan lórí ìjókòó iwájú mọ́tò mi, ẹyinjú màlúù ló kún inú rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn alápatà. Ọlọ́pàá dá mi dúró lọ́nà Ìjagbo, ó ní kí n ṣí i. Mo ṣí i. Àwọn ẹyinjú ń wò ó. Ó ní, "Ẹ máa lọ, mà. Ẹ ṣáà máa lọ."

Ní ṣọ́ọ̀bù Pólì, Dúró-ná gún wọn níṣojú mi. Abẹ́rẹ́ wọlé, òrùka kan ojú, ó dúró. Òmíràn, ó dúró. Gbogbo wọn. Mo ní kí ló wá kù? Ló bá gbé sírínjì kan sókè, ó fi ìka ta á — tá, tá, tá — bí gbogbo nọ́ọ̀sì ayé ṣe máa ń ta á kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gòkè. Ó wá fi gún ojú. Òrùka yọ̀ sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ wọlé dé ìdí.

Mi ò fẹ́ràn bí ó ṣe rí. Mo rántí ojú òsì.

Ó ní, "Ẹ rí i? Títa yẹn ló ń tú u. Ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí mọ́ọ̀dù dé." Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ó ní tiwa ò nílò títa rárá, pé tí wọ́n bá gbé e dúró ṣánṣán tí wọ́n rọra tì í, afẹ́fẹ́ á jáde fúnra rẹ̀.

Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe mọ́ọ̀dù la nílò nìyẹn, ìkìlọ̀ ni. Ká lẹ ìwé mọ́ ọn lára pé kí wọ́n má ta á.

Ó ní ìwé kì í di òrùka mú.

Mo ní ìwé ló di gbogbo ilé iṣẹ́ ayé mú.

Ó ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú jù, ẹlòmíì á gbé e lọ. Mo borí.

Àbámẹ́ta, 13

Ọ̀dọ̀ Mọ́mì. Rédíò létí wọn, wọ́n ń bá olùka ìròyìn jà. "Ó pe 'ọkọ̀' ní 'ọkọ'! Ọkọ ta ló ṣubú sódò?" Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ṣe tíṣà, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọmọ Ọ̀fà, bírò pupa lọ́wọ́, àwọn àmì ohùn ni wọ́n ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ adìyẹ. Títí dòní, tí mo bá di bírò mú, ọwọ́ mi á fi àmì síbi tó yẹ kí n tó rò ó. Kì í ṣe ìfẹ́ èdè. Ìbẹ̀rù pàṣán ni.

Mo ní kí wọ́n bá mi wá ọ̀rọ̀ kúkúrú, ara sírínjì ò fẹ̀. Yorùbá ni mo fẹ́. Ọjà tó ti Ọ̀fà jáde, kó fọ èdè Ọ̀fà.

Inú wọn dùn débi tí wọ́n pa rédíò. Wọ́n ń fi ìka lu apá àga bí wọ́n ṣe máa ń lu tábìlì ní kíláàsì.

"Má ta á. Mí, re, mí. Ó tán. Kí ni wọ́n tún fẹ́?"

Kò sí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Mi ò lè rí ẹni tó máa ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dókítà Lukman, dókítà ojú wọn, dé síbẹ̀ láti wò wọ́n. Ẹ-jẹ́-á-wò-ó ni mo ń pè é nínú ọkàn mi. Gbogbo ìbéèrè ló fi ń dáhùn. Ó ní òun ò fẹ́ kí ojú Mọ́mì jẹ́ àkọ́kọ́ tí sírínjì tuntun máa kàn, torí ojú kan ṣoṣo ló kù wọ́n. Kí a fi ẹlòmíì ṣáájú.

Mọ́mì ní, "Ọmọ ta ni ẹlòmíì?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ á wò ó, mà."

"Kò sóhun tá a fẹ́ wò. Ọmọ mi ló ṣe é. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi ojú ọmọ olómìíràn dán an wò kí n máa jókòó síbí. Tí kò bá dáa tó fún ojú tèmi, kó má dé ojú ẹnikẹ́ni. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, Lukman. Má bá mi jà á."

Ó ti jẹ́ ọmọ kíláàsì wọn rí. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni í, mà."

Ìṣẹ́gun, 16

Kamaldeen atẹ̀wé, ẹ̀gbẹ́ ọjà Òwódé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò gbé àmì ohùn. Gbogbo ibi tí àmì wà, àpótí òfìfo kékeré ló ń yọ. Ó ní fọ́ǹtì tó ń gbé e wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun ní Ìlọrin, òun á gbà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo ọkùnrin ìlú yìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo ní kó yọ àmì náà.

"Gbogbo ẹ̀, Àǹtí?"

"Gbogbo ẹ̀. Ta ni kò gbọ́ Yorùbá ní Ọ̀fà?"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dúdú dáadáa, lẹ́tà ńláńlá. Ó gbé ẹyọ kan sójú, ó ní, "Kí lẹ ò fẹ́ kí wọ́n tà, Àǹtí mi? Ṣebí torí títà lẹ ṣe ṣe é?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kó tẹ ìyókù, mi ò rí ààyè àpárá.

Ọjọ́rú, 17

Dúró-ná ti gba Àbá lọ, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí mọ́ọ̀dù. Èmi ni mo lẹ gbogbo ìwé náà mọ́ àwọn sírínjì fúnra mi. Lẹ́yìn náà, a fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n fi ooru pa kòkòrò ara wọn.

Mo mú ẹyọ kan lọ fún Mọ́mì. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ò sí nínú ohun tí ojú náà ń rí mọ́. Wọ́n dá a padà fún mi.

"Kà á fún mi."

"Má ta á."

"Mí, re, mí. Ó yè kooro." Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ mi ní Sókótó."

Àìkú, 21

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mọ́mì dorí ìwé orin kodò. Wọ́n kọ gbogbo ẹsẹ rẹ̀ láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Mo fẹ́ bá wọn yí ìwé náà padà. Mi ò yí i.

Ajé, 22

Mo kọ́ Nọ́ọ̀sì Táíyé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọlọ́pọlọ pípé. Kò ta á, kò tiẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ta á. Dókítà Lukman ní ó wu òun kí gbogbo nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Mo ní ẹyọ kan tó mọ̀ ọ́n sàn ju ogunlọ́gọ̀ tó ń tòògbé. Àwọn yòókù á kọ́ ọ tó bá yá.

Ọjọ́bọ̀, 25

Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

A dé ilé ìwòsàn láàárọ̀. Mọ́mì wọ búláòsì aláwọ̀ ewé, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé àwọn ni àkọ́kọ́. Táíyé ò sí. Ara ọmọ rẹ̀ gbóná lóru, wọ́n ti gbé e lọ sí Ìlọrin. Nọ́ọ̀sì mìíràn ló bọ́ síbẹ̀, Hikmat, ọmọ Ọ̀fà níbí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kúnlẹ̀ kí Mọ́mì.

Dókítà Lukman pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Madam, ẹ jẹ́ á sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Táíyé á ti dé."

Mo ní, "Dókítà, ìwé wà lára rẹ̀. Ṣé kò mọ̀wé ni?"

"Ó mọ̀wé."

"Kó kà á nígbà náà."

Ohun tí mo wí nìyẹn. Mo kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe wí i.

Wọ́n mú Mọ́mì wọlé. Èmi wà níta lórí fóònù pẹ̀lú àwọn ará àjọ, mò ń fún wọn ní ọjọ́ tí a máa bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Mo ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ojú Dókítà kò dà bí ojú ẹni tó parí iṣẹ́.

Mọ́mì ò tíì mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀rù ba àwọn. Wọ́n ń ṣàlàyé fún mi bíi tíṣà. "Ó dà bí ìgbà tí tàdáwà bá kán sínú ife omi, Àdìkẹ́. Ó ń tàn. Ó rẹwà, mo ń wò ó bó ṣe ń tàn."

Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, "Ó ti tàn dé gbogbo ibi."

Ẹtì, 26

Ẹ̀jẹ̀ ni. Dókítà ní òun ò rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti pe àwọn àgbà dókítà ojú ní Ìlọrin, Ajé ni wọ́n máa rí wa. Ó ti dá lílo sírínjì wa dúró, ó sì ti fi tó ìgbìmọ̀ létí. Kò bú mi. Ó ní kí n ní sùúrù.

Àbámẹ́ta, 27

Sùúrù. Ibo ni wọ́n ti ń rà á?

Ajé, 29

Ìlọrin. Mọ́mì jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń fetí dárúkọ ọ̀nà. Ibi tí mọ́tò ti ta gìrì-gìrì, wọ́n ní, "Ojú irin la kọjá yẹn." Ibi tí àwọn obìnrin ti ń pariwo bọ̀ọ̀lì lójú fèrèsé, "A ti dé Àjàṣẹ́." Wọn ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Èmi tí mo ń wa mọ́tò, mi ò rí ọ̀nà dáadáa, mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ẹ̀rọ wọn rí ẹ̀yìn ẹ̀jẹ̀. Awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú ti ya. Abẹ́rẹ́ dé ibẹ̀. Wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní ẹ ṣeun, sà.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Dúró-ná dé. Kò lọ ilé rẹ̀. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yọ sírínjì tí wọ́n lò fún Mọ́mì nínú àpótí tí wọ́n pa á mọ́ sí, ó fi ìka kan òrùka rẹ̀. Òrùka yọ̀ lọ bọ̀ lára abẹ́rẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn.

Ó ní, "Wọ́n ta á."

Kò wo ìwé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò pariwo mọ́ mi. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, ó di orí mú. Ì bá pariwo.

Ẹtì, 3

Mo lọ bá Hikmat. Láti ilé ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ mi, bí mo ṣe máa ń tò ó tí mo bá fẹ́ lé òṣìṣẹ́ kúrò. Mo ní, a kọ ọ́ síbẹ̀, lẹ́tà ńláńlá, èdè ìyá rẹ, kí ló dé tí o ta á?

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká ta á, Àǹtí."

Mo ní kí ló wí?

"Mo kà á kí n tó fọwọ́ kàn án. Máa ta á. Mo tiẹ̀ ta á ju bí mo ṣe máa ń ta á lọ, mo ní bóyá tuntun yìí fẹ́ títa dáadáa."

"Máa kẹ̀? Má la kọ síbẹ̀!"

Ó wọlé, ó mú ẹyọ kan jáde láti inú àwọn tí wọ́n ti kó tì. Ó gbé e fún mi. "Ẹ fi hàn mí. Ibo ni 'má' wà níbẹ̀? Báyìí ni gbogbo wa ṣe ń kọ máa lórí fóònù. Tí ọkọ mi bá tẹ 'ma bo' ránṣẹ́ sí mi, ṣé kí n má lọ sílé ni?"

Mo gbé e lọ́wọ́. Mo wò ó. Ọ̀rọ̀ tí mo tò láti ilé tú ká.

Lẹ́yìn náà ló wá yé òun náà. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń yé e. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Yéè. Èmi ni mo ta ojú ìyá nù." Ó ń sunkún, mo sì dúró níwájú rẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ sí. Mo ní kì í ṣe ìwọ. Mi ò rò pé ó gbọ́.

Àbámẹ́ta, 4

MA TA A.

Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe wà lára rẹ̀. Ó le. Ọwọ́ mi ń fẹ́ fi àmì sí i.

Àìkú, 5

Mo sọ fún Dúró-ná. Ó ní kí n má tíì sọ fún Mọ́mì, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán ná. Ìgbà yìí, mo gbà láti dúró.

Ìṣẹ́gun, 7

Iṣẹ́ abẹ. Mọ́mì ní kí n má jẹ́ kí wọ́n pàdánù ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn. Mo dì í mọ́wọ́ títí wọ́n fi gbé wọn jáde.

Ọjọ́rú, 15

Bándéèjì kúrò. Dókítà Ìlọrin tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú náà. "Ìyá, ibo niná wà?"

Mọ́mì rò ó dáadáa. Wọn kì í fi ìdáhùn ṣeré. Wọ́n nawọ́ sí apá òsì wọn, tìgboyàtìgboyà.

Apá ọ̀tún ló ti tàn án.

Ó pa á, ó tún un tàn. Ó tún béèrè. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́.

Ẹtì, 17

Mọ́mì ní, "Ṣé wọn ò tíì mú iná wá ni?"

Mo ní wọn ò tíì mú un wá.

Fáànù ń yí lókè orí wa. Ó ń dún. Wọ́n gbọ́ ọ, èmi náà gbọ́ ọ.

Ajé, 20

Tíì ta sí wọn lọ́wọ́. Wọn ò jẹ́ kí n fi omi tútù sí i.

Ọjọ́rú, 22

Àjọ pè. Wọ́n kí mi kú ìrọ́jú. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n sírínjì ò jẹ̀bi, ìwé lásán ló jẹ̀bi, ìwé sì ṣeé tún tẹ̀. Tí a bá tún un tẹ̀, àwọn mọ ibi tí wọ́n ti máa gbà á lọ́wọ́ wa láìdúró de ìgbìmọ̀ Ọ̀fà. Títà lè bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá.

Kí n má purọ́ fún ìwé yìí. Ọkàn mi fò sókè. Ó ṣe tán, òótọ́ ni wọ́n wí. Kamaldeen ti gba fọ́ǹtì náà. Mo ṣírò bí yóò ṣe lọ, ohun tó máa ṣáájú, ohun tó máa tẹ̀ lé e. Ó kéré tán, nǹkan kan á ti inú rẹ̀ jáde. Ojú Mọ́mì ò ní lọ lásán.

Mo sọ fún Dúró-ná. Mo ń retí kó ní kí n dúró ná. Kò wí i. Ó ní, "Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ojú."

Ìṣẹ́gun, 28

Mi ò tíì béèrè.

Ẹtì, 31

Mi ò tíì béèrè. Àjọ pè lẹ́ẹ̀mejì.

Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Mọ́mì ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí wọ́n máa di àwọn lápá mú bí ẹni ń mú ewúrẹ́ lọ ọjà. Èmi náà ò lọ. A jókòó sí pálọ̀. Rédíò wà ní pípa.

"Àdìkẹ́."

Oríkì mi ni. Bí wọ́n bá pè é jẹ́jẹ́ báyẹn, ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

"Ọmọ yẹn, nọ́ọ̀sì yẹn, ó wá síbí lánàá nígbà tí o lọ ọjà. Ó ń sunkún lórí ẹsẹ̀ mi. Ó ní òun ṣe ohun tí ìwé wí. Mo ní ìwé wo? Ìwé tèmi wí pé kó má ta á. Ó ní rárá, mà." Wọ́n kọjú sí mi. "Ṣé ẹyọ kan wà nílé?"

Ó wà nínú báàgì mi. Kò tíì kúrò níbẹ̀ látìgbà yẹn. Mo yọ ọ́, kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Kà á fún mi."

"Má ta á, Mọ́mì."

"Mi ò ní kí o sọ ohun tí mo sọ fún ẹ. Mo ní kí o kà á. Bó ṣe wà níbẹ̀."

Mo la ẹnu. Ohùn kankan ò jáde, torí kò sí èyí tó tọ́. Bí mo bá pè é ní má, mo ti fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Bí mo bá pè é ní máa, bákan náà. Ẹnu ò lè pe ohun tí mo tẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń kà á fún wọn, ohùn mi ni wọ́n ń gbọ́, kì í ṣe ìwé.

Mo bá ń dárúkọ lẹ́tà rẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé. "M. A. T. A. A."

"Àmì dà?"

"Mo ní kí wọ́n yọ ọ́."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní kí n dúró di ọ̀sẹ̀ kejì."

Wọn ò pariwo. Mo ń retí ariwo, mo tiẹ̀ fẹ́ pàṣán. Nígbà tí kò sí èyí tó wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Pé fọ́ǹtì ti wà. Pé a lè tún un tẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, tàmìtàmì. Pé àjọ ti ṣe tán, pé a lè bẹ̀rẹ̀ títà ní Oṣù Kejìlá, pé mọ́ọ̀dù Dúrótìmí lè máa bọ̀ lẹ́yìn. Mo gbọ́ ara mi bí mo ṣe ń to ètò fún wọn, kíní kan, kíní kejì. Mi ò lè dá a dúró.

Wọ́n nawọ́. Mo gbé sírínjì náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi orí ìka wá ìwé náà rí, wọ́n rọra fi ń tọ òkè rẹ̀, ibi tí àmì ì bá wà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n padà. Ìka yẹn náà ló máa ń di bírò pupa mú.

Wọ́n wá lu apá àga lẹ́ẹ̀mẹta.

"Mí. Dò. Mí."

Mo gbọ́ ọ: má tà á. Kamaldeen ti kà á bẹ́ẹ̀ rí, mo ní kó tẹ ìyókù.

"Èyí tí mo rí kà níbẹ̀ nìyẹn," Mọ́mì wí. "Títí òrùka á fi di ara kan náà pẹ̀lú ọrùn rẹ̀. O gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́, mà.

Wọ́n gbé sírínjì náà sílẹ̀ lórí itan mi, wọn ò ṣì í. Wọ́n dìde, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wá ògiri, wọ́n ń lọ sí yàrá. Àpótí ìtìsẹ̀ wà lọ́nà wọn. Mo fò dìde kí n lọ dì wọ́n mú.

"Dúró."

Mo dúró.